Àìsàn tó ń ṣe wá, ọmọ ta ni yóò wádìí rẹ̀?

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í sì í ṣe ti ìtọ̀ ṣúgà tí a máa ń sọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ wa ni, ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ni, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ìlera ni. Ẹ fara balẹ̀ kà á dópin, ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran kàwé mọ́, kí ọmọ ilé kà á sí i létí.

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé irú kòkòrò HIV kan wà tí wọ́n fi Ìbàdàn sọ lórúkọ? Bẹ́ẹ̀ ni o. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé, IbNG ni wọ́n ń pè é. “Ib” dúró fún Ìbàdàn, “NG” dúró fún Nàìjíríà. Ní 1994 ni ìwé jáde nípa rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó sì kọ ọ́ ni David Olufemi Olaleye, ẹni tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà tó yá, ó hàn pé ìdílé kòkòrò yìí ló gbilẹ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí, pé kì í ṣe irú èyí tó pọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n yẹ̀ wò, ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí n tún mú yín dé Dakar, ní orílẹ̀-èdè Senegal. Títí di 1985, ẹyọ kan ṣoṣo ni gbogbo ayé mọ̀ ní kòkòrò HIV. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Souleymane Mboup, apòògùn ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀gá ológun. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé àti ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin kan wò ní Dakar, wọ́n sì rí i pé ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà kò bá èyí tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ mu dáadáa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ìkejì rẹ̀, èyí tí a ń pè ní HIV-2 lónìí. Agbègbè tiwa yìí ló wọ́pọ̀ sí jù lágbàáyé.

Ẹ má rò pé eré ìwé lásán nìyẹn. Oògùn nevirapine àti efavirenz, tí wọ́n fi tọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn fún ọdún pípẹ́, kò ràn HIV-2 rárá. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ pé ìkejì wà, aláìsàn á máa lo oògùn rẹ̀ déédéé, ara rẹ̀ á sì máa bàjẹ́ sí i. Wọ́n á wá ní ayé ló ń ṣe é. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹni tó jìnnà síni lè ní ìfẹ́ ẹni, ó lè lówó, ó lè gbọ́n, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìnkùlé ẹni, ọmọ ilé ló máa ń tètè rí i.

Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí: ó yẹ kí àwọn tí àrùn ń bá jà wà lára àwọn tó ń wádìí àrùn náà. Ọ̀nà tí ọmọ máa gbà débẹ̀, inú ilé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ èmi àti ẹ̀yin.

Ẹrù pọ̀ lọ́rùn wa, ohùn wa kéré níbẹ̀

Nínú nǹkan bí 40 mílíọ̀nù ènìyàn tó ń gbé pẹ̀lú HIV lágbàáyé, nǹkan bí méjì nínú mẹ́ta ló wà ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, àyẹ̀wò ńlá tí ìjọba ṣe ní 2018, tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2019, fi hàn pé àwọn tó ní in tó nǹkan bí 1.9 mílíọ̀nù. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni púpọ̀ nínú owó ìwádìí ti ń wá, ẹni tó sì ń san owó onílù ló máa ń sọ orin tó fẹ́ gbọ́. Ẹni tí ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹlákàn tọ alábẹ lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà wo ni a óò máa ṣe lákáǹlákàn lọ sí ìlú ẹlòmíràn? Ó yẹ kí a ní alábẹ tiwa nílé.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ń ṣe. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn dúdú kò ju nǹkan bí 13 nínú 100 lọ, síbẹ̀ nínú 100 ènìyàn tó ní HIV níbẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40. Bẹ́ẹ̀ àwọn dúdú tó ń ṣe ìwádìí kò tó nǹkan. Ní 2011, ìwé ìròyìn Science gbé iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé bí olùwádìí dúdú àti olùwádìí funfun bá jọ tọrọ owó lọ́wọ́ NIH, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ìwádìí ìlera, àǹfààní ẹni dúdú láti rí owó náà gbà fi nǹkan bí 10 nínú 100 kéré sí ti ẹni funfun, kódà bí ìwé ẹ̀rí àti iṣẹ́ wọn bá dọ́gba.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni wọ́n ṣe dá oríṣìíríṣìí ètò sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á mú ọmọ dúdú tàbí ọmọ ẹ̀yà mìíràn tí kò pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, wọ́n á fi í sọ́dọ̀ olùwádìí àgbà bí ìgbà tí a fi ọmọ sẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, wọ́n á sì fún un lówó díẹ̀ kó má baà jẹ́ pé iṣẹ́ àárù ni yóò máa ṣe lásìkò ìsinmi. Àwọn dúdú tó ti gòkè nínú iṣẹ́ yìí wà. Dókítà Bisola Ojikutu, orúkọ tí ẹ bá gbọ́ tí ẹ ó mọ̀ pé ti wa ni, jẹ́ olùwádìí HIV ní Boston kí wọ́n tó fi í ṣe olórí ètò ìlera ìlú náà ní 2021. Ṣùgbọ́n ní 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fagi lé ọ̀pọ̀ owó tó ń gbé irú àwọn ètò bẹ́ẹ̀ ró. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó kan àwa náà, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ìrànlọ́wọ́ máa ń dà

Ẹnì kan lè ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ ti fi owó tọ́ ọmọ sáyẹ́ǹsì, kí ló wá jẹ́ èrè rẹ̀?” Ẹ wo South Africa. Wọ́n bí obìnrin kan níbẹ̀ ní 1960, Quarraisha Abdool Karim. Ìran Íńdíà ni, ìyẹn ẹ̀yà tí kò pọ̀, abẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ló sì dàgbà sí. Ó rí àǹfààní lọ kọ́ ìmọ̀ nípa bí àrùn ṣe ń tàn ká ní Yunifásítì Columbia ní New York, ó sì padà sílé. Ìbéèrè ọmọ ilé ló bi: àwọn wo gan-an ló ń kó kòkòrò yìí láàárín wa? Ìdáhùn tó rí ni pé àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ń kó o tipẹ́tipẹ́ kí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn tó kó o. Láti 1993, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó fi owó láti Amẹ́ríkà kọ́ àwọn ọmọ gúúsù Áfíríkà ní iṣẹ́ ìwádìí. Àwọn tó ti gba ibẹ̀ jáde lé ní 600.

Ní 2010, àwọn ènìyàn yìí fi hàn pé oògùn tí obìnrin lè fi sí ojú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ dín àkóràn HIV kù ní 39 nínú 100. Ní 2024, èsì ìwádìí mìíràn jáde láti South Africa àti Uganda. Abẹ́rẹ́ lenacapavir ni, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń gún un lọ́dún. Nínú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó lé ní 2,000 tí wọ́n gún un fún, kò sí ẹyọ kan tó kó HIV. Olórí ìwádìí náà, Linda-Gail Bekker, ọmọ South Africa ni. Ẹ rí i pé kì í ṣe ìwé ẹ̀rí lásán ni wọ́n fi owó náà rà. Ààbò fún ọmọbìnrin ni.

Lọ́dọ̀ tiwa náà, a kò jókòó lásán. Láàárín 2010 sí 2015, ètò kan wáyé tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn mẹ́fà ní Nàìjíríà jọ ṣe, Ìbàdàn ló ṣáájú, Èkó àti Ìlọrin wà níbẹ̀, láti kọ́ àwọn dókítà àti olùkọ́ wọn ní iṣẹ́ ìwádìí HIV. Ètò CARTA, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ti ran àwọn olùkọ́ yunifásítì lọ́wọ́ láti gba oyè ọ̀mọ̀wé nípa ìwádìí ìlera, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ní Yaba l'Ékòó, NIMR, iléeṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀, ti bá àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 14 sí 24 ṣiṣẹ́ lórí ètò kan tí wọ́n ń pè ní 4 Youth by Youth, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ti ń dá ọgbọ́n bí ẹgbẹ́ wọn yóò ṣe máa yẹ ara wọn wò fún HIV. Àwọn tó wà nílé-ìwé gírámà pàápàá ti lè dáwọ́ lé e.

Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ní Èkìtì

A mọ Èkìtì sí ilẹ̀ ìwé. Àwọn bàbá wa ta iṣu, wọ́n dá oko kòkó dúró fún owó, kí ọmọ lè lọ sí Christ's School ní Adó, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933. Láti Orin-Èkìtì ni Adégòkè Olúbùmmọ̀ ti wá, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò. Láti Ìkọ̀lé ni Adé Àjàyí ti wá, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn. Ìlú kì í gbé ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kó má yangàn.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo yàrá láàbù lónìí, àwọn ọmọ kan wà tí ẹ kò ní rí níbẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Àkọ́kọ́ ni ọmọbìnrin. Lágbàáyé, nínú olùwádìí mẹ́ta, ẹnì kan péré ni obìnrin, gẹ́gẹ́ bí àjọ UNESCO ṣe sọ. Èkejì ni ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ alájàpá ní Aramọkọ, Ẹfọ̀n, Ìjerò, Afàò, tí ilé-ìwé rẹ̀ kò ní tíṣà físíìsì. Ẹ̀kẹta ni ọmọ tó ní àléébù ara, adití tàbí arọ, tí wọ́n ti pinnu fún pé iṣẹ́ ọwọ́ ni tirẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú HIV. Ọmọ yìí wà láàárín wa. Oògùn ló ń lò, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ọpọlọ rẹ̀ pé. Ẹni tó mọ bí oògùn yẹn ṣe ń rí lẹ́nu láràárọ̀, ta ni ìbéèrè rẹ̀ lè wúlò ju tirẹ̀ lọ? Òfin ọdún 2014 kò fàyè gba kí ilé-ìwé tàbí ibi iṣẹ́ ya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí HIV. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí, àṣírí ọmọ náà, tirẹ̀ ni. Ẹ má gbé e lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé láìjẹ́ pé ọmọ fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìbẹ̀rù tí mo máa ń gbọ́

Àwọn òbí máa ń sọ fún wa ní ọsibítù pé, “Kí ọmọ mi máa fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ aléèdì? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Ìbọ̀wọ́ wà, aṣọ iṣẹ́ wà, àpótí ààbò tí wọ́n fi ń ṣí ìgò ẹ̀jẹ̀ wà. Bí abẹ́rẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní HIV bá gún òṣìṣẹ́ 1,000, nǹkan bí 3 ni yóò kó o, ìyẹn bí wọn kò bá tilẹ̀ lo oògùn kankan. Bí wọ́n bá sì tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn ìdènà kí wákàtí 72 tó pé, tí wọ́n lò ó fún ọjọ́ 28, ewu náà tún dín kù gan-an. Ọ̀kadà láti Ìworòkò wọ Adó náà ní ewu tirẹ̀, a sì ń fi ọmọ wa sórí ọ̀kadà lójoojúmọ́.

Àwọn mìíràn ní, “Bó bá ka ìwé jù, kò ní rí ọkọ fẹ́.” Ẹ bi ara yín: àwọn obìnrin nọ́ọ̀sì, dókítà àti olùkọ́ tó kún ìlú yìí, ilé àwọn òbí wọn ni gbogbo wọn wà bí?

Èyí tó ṣòro jù ni ọ̀rọ̀ owó, mi ò ní fi irọ́ tàn yín. Iṣẹ́ ìwádìí kì í mú owó wá kíákíá. Owó tó sì ń ti òkè òkun wá ti ń fà sẹ́yìn. Ní January 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ sí ilẹ̀ òkèèrè dúró, tí ọkàn àwọn tó ń gba oògùn HIV lọ́fẹ̀ẹ́ kò sì balẹ̀. Ní February ọdún kan náà, ìjọba àpapọ̀ wa fọwọ́ sí 4.8 bílíọ̀nù náírà láti ra oògùn. Ṣùgbọ́n oògùn rírà nìkan kò tó. Ta ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oògùn náà ṣì ń ràn kòkòrò tó wà lára àwọn ènìyàn wa, nígbà tí kòkòrò yìí ń yí padà, tí ẹni tó ń sanwó àyẹ̀wò bá ti lọ? Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà.

Ọ̀nà tí ọmọ máa tọ̀

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ni SS1. Bí ọmọ bá ń kúrò ní JSS3, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tì í kúrò ní kílààsì sáyẹ́ǹsì nítorí pé obìnrin ni tàbí nítorí pé ìwé ibẹ̀ wọ́n. Ohun tó nílò nínú WAEC tàbí NECO ni Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́místìrì àti bàólójì. Fún JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, físíìsì, kẹ́místìrì àti bàólójì ni púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìlera ń béèrè.

Kì í ṣe dókítà nìkan ló ń wádìí HIV. Ẹni tó ka Microbiology ń wádìí rẹ̀. Ó wà ní EKSU níbí àti ní FUOYE ní Ọ̀yẹ́. Ẹni tó ka Medical Laboratory Science, ọdún márùn-ún, ń wádìí rẹ̀. Apòògùn àti nọ́ọ̀sì ń wádìí rẹ̀. Ẹni tó mọ ìṣirò dáadáa lè ka Statistics, nítorí pé ẹni tí kò mọ ìkà kò lè mọ̀ bóyá oògùn ṣiṣẹ́. Ọmọ tí JAMB rẹ̀ kò tó lè kọ́kọ́ gba ND nípa iṣẹ́ láàbù ní Poli Adó, kó tó gba Direct Entry wọ yunifásítì. Kódà ẹni tó mọ ènìyàn bá sọ̀rọ̀ wúlò: àwọn tó ṣe àyẹ̀wò ọdún 2018 yẹn, ilé dé ilé ni wọ́n lọ, ẹnu ni wọ́n fi bẹ àwọn onílé kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn.

Nípa owó ilé-ìwé, ìjọba àpapọ̀ ti dá owó yíyá fún akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ láti 2024, NELFUND ni orúkọ rẹ̀. Kò ní èlé, ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó náà fún tààrà. Ilé-ìwé ìjọba ló wà fún, kì í ṣe ti aládàáni. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń béèrè fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun tó bá yín gbà á, ẹ sá fún un.

Ẹ̀yin àgbà, iṣẹ́ yín wà níbẹ̀

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń ná owó sí ọjọ́ ìlú lọ́dọọdún, ń ra aṣọ ẹgbẹ́, ń gbé olórin wá. Mi ò ní kí ẹ má ṣe é o. Ṣùgbọ́n ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ fi san owó fọ́ọ̀mù JAMB àti WAEC fún ọmọ mẹ́ta tí òbí wọn kò ní, kí ẹ sì rí i pé ọmọbìnrin wà nínú wọn. Ẹ kó owó jọ kí tíṣà físíìsì kan máa wá kọ́ wọn ní Sátidé. Ẹgbẹ́ àwọn tó jáde nílé-ìwé kan náà lè bẹ ọmọ ìlú tó ń ṣiṣẹ́ láàbù ní ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn l'Ádó tàbí ní Ìdó-Èkìtì pé kó wá bá àwọn ọmọ SS2 sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ọmọ tí kò rí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kan rí, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun lè ṣe é?

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ ẹnu yín lágbára. Bí ọmọ bá ń béèrè pé kí ló dé tí èyí fi rí báyìí, kí ló dé tí ìyẹn fi rí bẹ́ẹ̀, ẹ má pè é ní alátẹnujẹ, ẹ má ní ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ni olùwádìí ní.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún lọ́sẹ̀ yìí kò pọ̀. Ẹ pe ọmọ tó wà ní JSS3 nílé yín, ẹ bi í ní kílààsì tó fẹ́ wọ̀ àti ìdí rẹ̀. Bó bá ní sáyẹ́ǹsì ni, ẹ má kọ́kọ́ ṣírò iye tó máa ná yín. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ parí.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú, a óò dáhùn rẹ̀ níbí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a óò padà sórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti iyọ̀ inú ọbẹ̀. Kára ó le o.